Ọwọ́ Kan, Orúkọ Mọ́kàndínlógún

Ojú ìwé kejìdínlọ́gọ́fà ló dá mi dúró, nítorí pé kò ní àṣìṣe kankan.

Iṣẹ́ wa kò le. Ìlú kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Snellville tí ìgbìmọ̀ ìlú ti pinnu láti dá bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó ń gbé àwọn ará ibẹ̀ wọ Atlanta dúró. Àwọn ará ìlú ní àwọn kò gbà, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sínú ìbò oṣù kọkànlá kí kálukú dìbò sí i. Kí ọ̀rọ̀ tó lè dé inú ìbò, ó ní iye ènìyàn tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀. Wọ́n wá gba àwa mẹ́jọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti yẹ ìwé náà wò. Lápá òsì kọ̀ǹpútà, ìbuwọ́lù tí ẹnìkan ṣe sínú ìwé ẹ̀bẹ̀. Lápá ọ̀tún, èyí tí ẹni náà ṣe sí káàdì lọ́jọ́ tó forúkọ sílẹ̀ láti máa dìbò. Ṣé ọwọ́ kan náà ni? O tẹ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, o kọjá sí èyí tó kàn.

Mo ti gboyè nínú ìṣirò, mo ń retí iṣẹ́ tó jọ ọ́. Kí n má baà sùn lórí àga, mo máa ń ka ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní kí n kà: iye ènìyàn tó lo bírò dúdú, iye tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú J, iye àṣìṣe tó wà lójú ìwé kan. Ojú ìwé kan gba ogún ènìyàn. Nínú ogún, ó kéré tán, mẹ́ta á bàjẹ́. Ẹnìkan á ti kó kúrò nílé tó kọ sílẹ̀, ẹnìkan á ti fọwọ́ sí i lórí orókùn nínú ọkọ̀, ẹnìkan á ti gbàgbé pé òun kò forúkọ sílẹ̀ rí. Ojú ìwé kejìdínlọ́gọ́fà ní orúkọ mọ́kàndínlógún. Mọ́kàndínlógún ló bá káàdì mu.

Orúkọ Yorùbá ni gbogbo wọn, inú mi sì kọ́kọ́ dùn. Mo tẹ̀ ẹ́ síta lórí ìwé, mo gbé e síwájú mi. Ìgbà yẹn ni mo rí ohun tí kọ̀ǹpútà kò lè fi hàn mí, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń gbé wọn wá. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀.

Lẹ́yìn lẹ́tà tó gbẹ̀yìn orúkọ, bírò yóò yí padà, yóò fa ìrù gígùn kan lọ sápá òsì lábẹ́ orúkọ náà. Láàárín ìrù yẹn, yóò gbọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta, kékeré kékeré, bí eyín ayùn. Mo fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàárín eyín kan sí ìkejì. Bákan náà ni fún gbogbo wọn. Ìlà keje nìkan ló yàtọ̀: eyín mẹ́fà ló ní, mẹ́ta tó jọ ti àwọn tó kù, mẹ́ta mìíràn tó rọra tẹ̀ lé wọn.

Mo padà sí àwọn káàdì. Eyín mẹ́ta, eyín mẹ́ta, eyín mẹ́ta. Káàdì tó pẹ́ jù lọ, ọdún 1999 ni wọ́n ṣe é. Bí ẹnìkan bá ń ṣe ayédèrú, a jẹ́ pé ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà náà, ó sì ti mọ̀ pé bọ́ọ̀sì kan yóò wà lọ́jọ́ iwájú tí wọn yóò fẹ́ dá dúró.

Mo gbé e lọ fún Rachael, ọ̀gá wa, obìnrin oyìnbó kan tí irun rẹ̀ ti funfun, tí kì í sọ̀rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

"Ọwọ́ kan ni," ó ní.

"Ṣùgbọ́n ó bá káàdì mu."

"Mo rí i. Ọwọ́ kan náà ni." Ó yí ìwé náà padà sẹ́yìn, níbi tí ẹni tó gbé e kiri ti máa ń búra. Sìlífátù Adégbénró ni orúkọ ibẹ̀, ẹni àádọ́rin ọdún ó lé mẹ́ta. Ó búra pé ojú òun ni ẹni kọ̀ọ̀kan ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọwọ́ sí i. Lábẹ́ ìbúra, àlàfo kan wà fún orúkọ ẹni tó bá ran aláìlera lọ́wọ́. Òfìfo ni.

"Bí n kò bá gbọ́ àlàyé tó yé mi títí di ọjọ́ Ẹtì," Rachael ní, "ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò ìjọba ló ń lọ. Ìbúra èké ni wọn yóò pè é. Ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀."

"Ìyá àgbà ni, Rachael."

"Mo mọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ọ lónìí tí í ṣe ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìwọ lo gbọ́ èdè wọn. Pè é."

Mo pè é. Ohùn rẹ̀ le, ó sì yára.

"Ta nìyẹn?"

"Olúwafẹ́misí ni, mà, láti ọ́fíìsì tó ń yẹ ìwé bọ́ọ̀sì wò."

"Ọmọ Yorùbá! Wọ́n fi ọmọ Yorùbá síbẹ̀! Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà."

"Irọ́ lò ń pa. Wá sílé lọ́la."

*

Aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́rú ni mo dé ilé wọn. Alhaji Surajudeen, ọkọ rẹ̀, jókòó sórí àga oníkẹ̀kẹ́ lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n fi ìnura bo itan rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè sí mi.

"Má bínú sí ọwọ́ òsì o, ọmọ mi. Ọ̀tún ń sinmi."

Aládùúgbò wọn kan, Màmá Abímbọ́lá, wà lórí àga gbọọrọ, ó ń bó ọsàn. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Alhaja, ṣé ìjọba tí ẹ ní ó ń bọ̀ nìyí? Ìjọba ti rù báyìí?"

"Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó jókòó," Alhaja ní. Ó kúrú, ó ń rìn bí ẹni tí aláìsàn mẹ́wàá ń dúró dè. Ó gbé ìrẹsì síwájú mi kó tó béèrè ohun tí mo bá wá.

Mo na ẹ̀dà ojú ìwé náà sí wọn. Mo fi ìka tọ́ka sí àwọn ìrù. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Tíṣà Jonah!"

"Wò ó, títí kan ti Nurain! Nurain tí kò lè kọ nǹkan kan!"

Màmá Abímbọ́lá ló kọ́kọ́ ṣíwọ́ ẹ̀rín. Ó gbé ọ̀bẹ ọsàn sílẹ̀, ó ní òun ti fi nǹkan sórí iná, ó sì lọ sílé rẹ̀. Ọsàn tó bó kù síbẹ̀.

Alhaja sọ ọ́ fún mi. Ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ni òun àti gbogbo àwọn mọ́kàndínlógún lọ, ní ìlú kan tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn. Òun ló kọ́kọ́ wá sí Atlanta láti ṣe nọ́ọ̀sì. Ó mú àbúrò rẹ̀ wá, àbúrò mú ọ̀rẹ́ wá, ọ̀rẹ́ mú ọkọ wá, títí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú fi kún àdúgbò kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n wà ní kíláàsì kẹfà, tíṣà kan wà tó ń kọ́ wọn ní ìwé kíkọ. Jonah ni wọ́n ń pè é. Wọn kò mọ ìlú rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ máa ń gbọ̀n.

"Ó ní kò sí ẹni tí yóò kúrò lọ́dọ̀ òun láì ní ìbuwọ́lù tirẹ̀. Yóò dúró sẹ́yìn rẹ, níbí." Alhaja fọwọ́ kan èjìká ọ̀tún rẹ̀. "Yóò di ọwọ́ rẹ mú, yóò fi kọ orúkọ rẹ. Ìwọ náà yóò wá kọ ọ́ fúnra rẹ. Níbi ìrù yẹn, ọwọ́ tirẹ̀ á gbọ̀n. Bí ìwọ bá fà á tààrà, ó ní o kò kọ ohun tí òun kọ. Pàṣán. Ó nà wá títí ọwọ́ wa fi gbọ̀n."

Mo mí kanlẹ̀. Àlàyé tó mọ́gbọ́n dání ni. Mo ti ń ronú bí n ó ṣe sọ ọ́ fún Rachael.

"Ó ti di bárakú, mà," mo ní. "Ó ti mọ́ ọwọ́ yín lára ni."

"Bárakú?" Ó dìde, ó mú abẹ́rẹ́ àti òwú láti inú agolo bísíkíìtì, ó ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láì wọ dígí. "Mo fa ẹ̀jẹ̀ lára ènìyàn fún ọdún mọ́kànlélógún. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n rí. Wá, di ọrùn ọwọ́ mi mú. Dì í dáadáa. Má jẹ́ kó gbọ̀n."

Ó mú bírò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sí ẹ̀yìn àpò ìwé kan. Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan rọra jáde. Ó dé ibi ìrù. Nǹkan kan fa ọwọ́ náà sápá òsì, ó fà á lágbára bí ọkùnrin tó ń gba ọkọ́ lọ́wọ́ ọmọdé, ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta nínú ọwọ́ mi. Mo fi í sílẹ̀.

Eyín mẹ́ta. Àlàfo kan náà.

"Ọdún kẹta tí a jáde ló kú," Alhaja ní. "A lọ sí ìsìnkú rẹ̀. Láti ìgbà náà, n kò tíì dá nìkan fọwọ́ sí ìwé rí, ìbáà jẹ́ ti báńkì, ìbáà jẹ́ ti ilé. Gbogbo wa ni. A kì í sọ ọ́."

Alhaji ń wo ìta fèrèsé. N kò fẹ́ béèrè, ṣùgbọ́n mo ti kà á, n kò sì lè ṣe bí ẹni tí kò kà á.

"Ìlà keje ńkọ́, mà? Ìlà keje gbọ̀n lẹ́ẹ̀mẹfà."

Alhaji fi ọwọ́ òsì ká ìnura kúrò lórí itan. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ká bí ewé tó gbẹ.

"Rọpárọsẹ̀," ó ní. "Ọdún méjì rèé. Èmi ni mo ní kó bá mi di ọwọ́ mú kọ ọ́. Èmi náà máa ń wọ bọ́ọ̀sì yẹn nígbà tí mo lẹ́sẹ̀."

"Bí Tíṣà ṣe ń di tiwa mú ni mo ṣe dì í mú," Alhaja ní.

Eyín mẹ́ta tirẹ̀, eyín mẹ́ta ti ọkọ rẹ̀. Ó yé mi.

"Ṣùgbọ́n àlàfo wà níbẹ̀ fún ẹni tó ranni lọ́wọ́, mà! Ká ní ẹ kọ orúkọ yín síbẹ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan."

"Kí n kọ ọ́ sínú ìwé tó ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, pé ọkọ mi kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀? Màmá Abímbọ́lá tí o rí níbí, ojoojúmọ́ ló ń wá, kò mọ̀. Ẹgbẹ́ kò mọ̀. A ní ọwọ́ ń sinmi. Ta ló ń bọ́ aṣọ lára ọkọ rẹ̀ lójú agbo?"

"Ẹ ti búra, mà."

"Mo ti búra," ó ní. Ó jókòó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó jókòó látìgbà tí mo dé.

*

Mo sọ ti tíṣà fún Rachael. N kò sọ ti ìlà keje. Ó gbọ́ mi dópin.

"Mo fẹ́ gba èyí gbọ́," ó ní. "Kí wọ́n wá lọ́la, kí wọ́n fọwọ́ sí i níṣojú mi. Mọ́kàndínlógún pé. Bí ẹnìkan bá ṣẹ́kù, mo fi ránṣẹ́."

Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá òwúrọ̀, wọ́n dé. Àwọn arúgbó tó wọṣọ dáadáa, àwọn mìíràn pẹ̀lú ọ̀pá, wọ́n ń pariwo bí ìgbà tí ènìyàn ń lọ sí ìkómọjáde. Ẹnìkan ní kí ìjọba dín ẹ̀rọ amúlétutù kù. Ẹlòmíràn ní kí Nurain má gbàgbé orúkọ ara rẹ̀.

"Wọ́n á bá ọ kọ ọ́," Màmá Abímbọ́lá, tí òun náà wà lára wọn, dáhùn, ẹ̀rín sì kú lẹ́ẹ̀kan náà.

Alhaja ti ọkọ rẹ̀ wọlé kẹ́yìn, ìnura lórí itan. Rachael ní kó dúró sẹ́nu ọ̀nà, nítorí pé ẹni tó gbé ìwé kiri kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ tábìlì. Àwọn méjìdínlógún jókòó yí tábìlì gígùn ká, ìwé kan níwájú ẹnìkọ̀ọ̀kan, bírò ọ́fíìsì kan lọ́wọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan.

"Ó yá," Rachael ní, mo sì túmọ̀ rẹ̀.

Bírò méjìdínlógún bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí ìwé. Orúkọ wọn kò gùn bákan náà. Síbẹ̀, ìgbà kan náà ni gbogbo wọn dé ibi ìrù. Mo gbọ́ ọ: ìró kan, ìró méjì, ìró mẹ́ta. Tábìlì gbọ̀n mọ́ wọn lábẹ́ ọwọ́. Kọ́fí inú ife Rachael dà díẹ̀ sórí àwo.

Rachael gba àwọn ìwé náà lọ́wọ́ wọn, ó fi awò tó ń sọ lẹ́tà di ńlá wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì kó àwọn bírò jọ sínú páálí, bóyá nítorí kí ọwọ́ rẹ̀ lè rí nǹkan ṣe. Ẹyọ kan ló fi sílẹ̀.

"Ó ku ìlà keje."

Mo ti Alhaji dé ìdí tábìlì. Rachael gbé ìwé síwájú rẹ̀.

"Bá mi gbé ọwọ́ náà sókè, Fẹ́misí," Alhaji ní, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

Mo ká ìnura kúrò. Ọwọ́ náà tutù, ó wúwo bí aṣọ tí wọn kò tíì fún omi rẹ̀ jáde. Mo fi bírò sáàárín ìka rẹ̀, ó bọ́. Mo tún fi sí i. Ó tún bọ́.

"Yéè, Surajudeen," Màmá Abímbọ́lá ní lẹ́yìn mi. Gbogbo wọn ti rí i báyìí. Lẹ́nu ọ̀nà, Alhaja fi gèlè bojú.

Mo fi bírò síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Rachael wo aago, ó wò mí.

"Fẹ́misí, ọkùnrin yìí kò lè..."

Àwọn ìka náà pa dé mọ́ bírò. Ọwọ́ tó ń jí láti inú àìsàn, díẹ̀díẹ̀ ló ń jí. Èyí pa dé lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó gba nǹkan rẹ̀ padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé.

Alhaji kò wo ìwé. Ó ká ọrùn kò bí ọmọdé tó ń retí ìkó, ó ń wo òkè èjìká ọ̀tún ara rẹ̀, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni. Mo gbọ́ ìró àga. Àwọn méjìdínlógún ti dìde. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dìde. Wọ́n ká ọwọ́ láyà, títí kan àwọn tó fi ọ̀pá wá, wọ́n sì tẹjú mọ́ ilẹ̀.

Ìrù. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló gbọ̀n.

"Kì í ṣe èmi o," Alhaji ní. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin èèyàn, kì í ṣe èmi ni mo kọ ọ́."

"Kí ló sọ?" Rachael bi mí.

Ogún ènìyàn ló gbọ́ ohun tó sọ nínú yàrá yẹn, kò sí ẹni tó la ẹnu. Alhaja ti ṣí ojú. Ó ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà, kò bẹ̀ mí, kò mi orí. Bí mo bá fi ọ̀rọ̀ náà lélẹ̀ bó ṣe rí, ọ̀la ni ìwé náà ń lọ, òun náà sì ń bá a lọ. Mo wá ìdáhùn tó jẹ́ òótọ́ tí kò sì ní pa á lára. N kò rí i.

"Ó ní òun ti parí," mo ní.

Rachael gbé awò lé ìbuwọ́lù náà. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. "Ó bá káàdì mu," ó ní níkẹyìn. "Ó tiẹ̀ bá a mu ju ti inú ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ." Ó fa àmì sí ìlà keje, ó fa àmì sí òkè ojú ìwé: kò sí ẹjọ́. "Sọ fún un pé kó fi bírò sílẹ̀."

Kò lè fi í sílẹ̀. Mo gbìyànjú láti gbà á, ìka kan kò sún. Ẹnu bírò náà ti ń rìn lọ sí ìsàlẹ̀ ìwé, ó ń wá àyè tí kò tíì sí orúkọ.

Alhaja rìn wá sí ìdí tábìlì. Rachael kò dá a dúró. Ó kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì, kò kọjú sí ọkọ rẹ̀, òkè èjìká ọkọ rẹ̀ ló kọjú sí.

"Tíṣà, ó tó, sà. Gbogbo wa ti kọ ọ́. Ẹnikẹ́ni kò ṣẹ́kù."

"Ẹ ṣé, sà," àwọn méjìdínlógún ní lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n fà á gùn bí ọmọ ilé-ìwé.

Àwọn ìka là. Bírò bọ́ sórí tábìlì. Ọwọ́ náà bọ́ sí itan Alhaji, ó sì ká padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Alhaja fi ìnura bò ó. Lẹ́yìn náà, ó ṣí ìnura náà padà, ó ká a, ó fi sínú báàgì rẹ̀, ó sì ti ọkọ rẹ̀ jáde lójú gbogbo wọn. Màmá Abímbọ́lá ló di ilẹ̀kùn mú fún un.

Nígbà tí yàrá ṣófo, Rachael yí ìwé náà sọ́dọ̀ mi. Ó ti kọ ohun tí Alhaji sọ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe túmọ̀ rẹ̀.

"Olùtúmọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i," ó ní. Ó mú bírò tó bọ́ lọ́wọ́ Alhaji sórí tábìlì, ó nà án sí mi. "Fọwọ́ sí i níbí."

Mo ní kó má ṣèyọnu, pé mo ní tèmi. Mo wo àpò àyà, mo wo àpò ṣòkòtò méjèèjì, mo wo báàgì mi. N kò rí bírò kankan níbẹ̀. Rachael ṣì na ọwọ́.